Bí Omi Àpọ́nlé Ṣe Dójú Ti Ọ̀gá Wàrà

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn yìí, bí ẹ bá wà lórí ìjókòó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde ná. Orúkọ tí mo fẹ́ dá yìí, a kì í gbọ́ ọ ní ìjókòó. Olóyè Àgbà, Dókítà, Alàgbà Ọlábímtán Adéyanjú, Ọ̀gá Pátápátá fún Àjọ Ìlọsíwájú Wàrà. Ó tó. Ẹ lè jókòó. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kì í tètè rí àyè jókòó bí ẹ ti rí i yìí.

Jahi, ní Àbújá, ni ọ́fíìsì àjọ náà wà, nínú ilé alájà mẹ́ta kan tí wọ́n kùn ní funfun bíi wàrà. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, gbogbo wọn a pé jọ fún àdúrà. Àdúrà dára, n kò bá a wí. Ṣùgbọ́n níbi àdúrà ti Jahi, ìṣẹ́jú méjì ni wọ́n fi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ìṣẹ́jú méjìdínlógún ni wọ́n fi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Olóyè. Akọ̀wé rẹ̀, Hezekiah, ọkùnrin tín-ín-rín kan tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tí ọrùn rẹ̀ sì ti tẹ̀ síwájú nítorí ìforíbalẹ̀, ni ó máa ń darí ọpẹ́ náà. Bí Olóyè bá wúkọ́, Hezekiah a ní, "Ọgbọ́n ń bọ̀ o!" Bí ó bá sín, wọ́n a pàtẹ́wọ́. Lọ́jọ́ kan Olóyè sùn lọ fọnfọn láàárín ìpàdé, ohun tí wọ́n sì kọ sínú ìwé ìpàdé ni pé: "Olóyè ronú jinlẹ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú."

Iṣẹ́ tí ìjọba rán an kò le rárá. Wọ́n ní kó dá ọgbà màlúù oníwàrà kan sílẹ̀ ní abúlé Pámbí, lẹ́yìn Gwagwalada, kí àwọn èèyàn lè wá wo bí wọ́n ṣe ń sin màlúù lóde òní. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà wọn ilẹ̀. Wọ́n ní ọgọ́rùn-ún màlúù ni ilẹ̀ náà lè gbà, kí wọ́n sì máa kó wọn láti pápá kan bọ́ sí òmíràn kí koríko lè máa sinmi. Olóyè wo ìwé náà bí ẹni rí ìdin nínú ọbẹ̀.

"Ọgọ́rùn-ún? Èmi Ọlábímtán? Ṣé ìsìnkú ni mo fẹ́ fi wọ́n ṣe ni? Ẹ kọ ẹgbẹ̀ta!"

"Ẹgbẹ̀ta kéré fún yín, Olóyè," ni Hezekiah wí, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. "Ìrẹ̀lẹ̀ yín ló ń ṣe yín."

Ẹgbẹ̀ta màlúù dúdú-funfun dé láti òkè òkun. Dípò kí Olóyè pín wọn káàkiri pápá, ó ní kí wọ́n kó gbogbo wọn sí ojú kan ṣoṣo, lórí òkè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, níbi tí kámẹ́rà tẹlifíṣọ̀n ti lè rí wọn dáadáa. Ó ní, "Màlúù ìjọba kì í rìn kiri. Koríko ni kó wá bá wọn." Nísàlẹ̀ òkè yẹn gan-an ni abúlé Pámbí wà, pẹ̀lú àwọn kànga rẹ̀.

Koríko kò wá bá ẹnikẹ́ni. Láàárín oṣù mẹ́ta, màlúù ti tẹ̀ ẹ́ pa. Nígbà tí Olóyè gbọ́ pé Mínísítà lè gba ojú ọ̀nà ibẹ̀ kọjá, ó ní kí wọ́n da ajílẹ̀ yúríà sí pápá náà, àpò lórí àpò, kí ó lè tutù yọ̀yọ̀. Inú oṣù kẹfà nìyẹn, tí òjò ń rọ̀ bí ẹni fi korobá dà á. Koríko tutù fún ọ̀sẹ̀ méjì. Olóyè ya fọ́tò. Yúríà àti ohun gbogbo tí màlúù ti ṣe sórí ilẹ̀ bá òjò lọ sísàlẹ̀, wọn kò sì ya fọ́tò kankan.

Ohun kan tún kù tí Olóyè ṣe. Ó gbẹ́ kànga ẹ̀rọ sí ẹsẹ̀ òkè náà, ó ń rọ omi rẹ̀ sínú ìgò, ó sì sọ ọ́ ní Omi Àpọ́nlé. Fọ́tò rẹ̀ wà lára ìgò kọ̀ọ̀kan, òun nínú agbádá, ó ń rẹ́rìn-ín sí màlúù, màlúù kò rẹ́rìn-ín padà. Omi náà ni wọ́n ń mu ní ọ́fíìsì. Òun ni wọ́n ń mu nílé rẹ̀ ní Maitama. Ẹni tó bá gbé omi mìíràn wá síwájú Olóyè ń wá wàhálà.

Ní oṣù keje, nǹkan ṣe obìnrin kan ní Pámbí. Ìbídùnní ni orúkọ rẹ̀, aránṣọ ni, ọmọ Ìkirè. Ọkọ rẹ̀, Àyàndélé, ń wa kẹ̀kẹ́ Máàrúwá láàárín Pámbí àti Gwagwalada. Wọ́n ní ọmọ oṣù méjì, Ọlámilékan. Ọmú ìyá rẹ̀ kò tó o, wọ́n ń fi wàrà inú agolo kún un, omi kànga ni wọ́n sì fi ń pò ó. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Ìbídùnní gbé ọmọ náà lé ẹsẹ̀ kó wẹ̀ ẹ́, ó rí i pé ètè rẹ̀ ti dúdú bí ẹni tọ́ aró lá. Èékánná rẹ̀ náà rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ náà kò sunkún. Ó kàn ń mí kíákíá.

"Bàbá Lékan! Bàbá Lékan o!"

Àyàndélé kò béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó yí kẹ̀kẹ́ padà pẹ̀lú èrò méjì tó ti wọlé, àwọn èrò náà bá wọn dé ilé ìwòsàn ńlá ní Gwagwalada láìsọ̀rọ̀. Dókítà fa ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà, ó rí i pé kò pupa, ńṣe ló dà bíi kòkó. Ó fún un ní abẹ́rẹ́ oògùn kan tí àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ aró gan-an, ọmọ tó ti di aró sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n padà. Kó tó di ọ̀sán, ó ti ń pariwo. Ìbídùnní ní òun kò tíì gbọ́ orin tó dùn tó ariwo náà rí.

"Omi wo lẹ fi ń po wàrà rẹ̀?" ni dókítà bi í.

"Omi kànga wa ni. Mo sì máa ń sè é dáadáa."

"Ẹ má lò ó mọ́. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n yẹ̀ ẹ́ wò."

Ẹni tó mọ̀ ọ́n kò jìnnà. Adépéjú ni, òṣìṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò ní àjọ Olóyè, obìnrin kan tí kì í pàtẹ́wọ́ bí wọ́n bá sín. Ọjọ́ Ẹtì ló máa ń wá yẹ wàrà wò ní ọgbà. Ìbídùnní dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìgò omi kànga lọ́wọ́. Adépéjú mú ìwé pélébé kan jáde, ó tì í bọ inú omi, ó dúró díẹ̀. Funfun ni ìwé náà tẹ́lẹ̀. Ó di pupa bíi sóbò.

"Àǹtí, kí ló wà níbẹ̀? Omi yìí mọ́ gaara. Kò rùn."

"Ohun tó burú nínú rẹ̀ nìyẹn, Ìyá Lékan. Ẹ wo òkè yẹn. Ibi tí màlúù kan bá tọ̀ sí, agbára ajílẹ̀ tó wà níbẹ̀ ju èyí tí koríko ibẹ̀ lè jẹ lọ. Bí wọ́n bá mọ níwọ̀n, tí wọ́n sì ń ṣí kiri, koríko á máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ̀ta lójú kan! A tún wá da yúríà lé e! Èyí tí koríko kò rí jẹ ló ń di náítíréètì. Òjò á tì í wọlẹ̀, á bá omi abẹ́ ilẹ̀ lọ, ó di inú kànga. Àgbà lè mu ún kó má mọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ní ti ọmọ ọwọ́, kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gbé afẹ́fẹ́ káàkiri ara."

"Ṣùgbọ́n mo sè é."

"Kì í bá iná lọ. Bí omi bá ṣe ń gbẹ lórí iná, ńṣe ló ń ki sí i."

Ìbídùnní jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ọwọ́ ara mi ni mo fi ń fún un."

"Kì í ṣe ẹ̀bi yín," ni Adépéjú wí. "Mo mọ ẹni tó yẹ kó gbọ́ ọ."

Ó kọ mẹ́mò ojú ewé méjì. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣiṣẹ́ ìjọba rí, ẹ mọ̀ pé mẹ́mò a máa rìn bí ìgbín. Èyí sáré. Ní ọjọ́ kejì, Olóyè ránṣẹ́ pe Adépéjú. Ó di mẹ́mò náà mú ní etí, bí ẹni di eku mú ní ìrù.

"Adépéjú. Kí ni ìtọ̀ ń wá nínú ìwé tí a kọ sí mi?"

"O kọ ìtọ̀ sí Olóyè?" ni Hezekiah wí, ó di ọwọ́ mọ́ àyà.

"Ẹ má bínú sà, ìtọ̀ màlúù ló ń ba kànga Pámbí jẹ́. Ọmọ kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Bí a bá dín màlúù kù, tí a tú wọn ká, tí a sì dẹ́kun yúríà yẹn—"

"Màlúù tó wọ ọkọ̀ òfuurufú!" Olóyè dìde. "Màlúù tó ní ìwé ìrìnnà ju ti bàbá rẹ lọ! Ṣé irú màlúù bẹ́ẹ̀ ló máa lọ tọ̀ sínú kànga abúlé?"

"Kì í ṣe inú kànga, sà. Ilẹ̀ ni wọ́n ń tọ̀ sí. Ilẹ̀ ló wá ń—"

"Ilẹ̀ wà lábẹ́ àjọ mìíràn!"

Hezekiah pàtẹ́wọ́. Ọ̀rọ̀ parí.

Lọ́jọ́ kẹta, ìwé àṣẹ jáde. Mo ti rí i, ẹ jẹ́ kí n kà á fún yín bó ṣe wà: "Láti òní lọ, òṣìṣẹ́ kankan kò gbọdọ̀ pe ìtọ̀ màlúù ní ìtọ̀ màlúù. Orúkọ rẹ̀ ni omi ìdàgbàsókè. Náítíréètì kò sí nínú èdè àjọ yìí." Wọ́n gbé Adépéjú kúrò ní yàrá àyẹ̀wò lọ sí yàrá tí wọ́n ń kó àga tó ṣẹ́ sí. Ní Pámbí, wọ́n ri pátákó kan mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga: ÌJỌBA FỌWỌ́ SÍ OMI YÌÍ. Kànga tí wọ́n fọwọ́ sí kò yí padà. Títí di ìparí oṣù náà, ọmọ ọwọ́ méjì mìíràn tún dé ilé ìwòsàn.

Àyàndélé kì í ṣe ẹni tó ń pariwo. Ó ra páálí kan, ó kọ nǹkan sí i ní Yorùbá àti Haúsá, ó sì so ó mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀: KÀNGA PÁMBÍ, Ẹ MÁ FI PO WÀRÀ ỌMỌ. Awakọ̀ kejì bi í léèrè, òun náà kọ ọ́. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, ogójì kẹ̀kẹ́ ló ń gbé e kiri Gwagwalada. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yà á sórí fóònù. Rédíò gbé e. Ó sì dé etí Mínísítà, obìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó pe Olóyè.

"Mo ń bọ̀ wá sí Pámbí ní Ọjọ́rú. Mo fẹ́ kí wọ́n yẹ omi wò lójú mi. Mo ti ka mẹ́mò Adépéjú yẹn, òun ni kó yẹ̀ ẹ́ wò."

Ẹlòmíràn ìbá bẹ̀rù. Olóyè sọ ọ́ di àjọ̀dún. Ó ní kí wọ́n ta àtíbàbà, kí wọ́n pe oníròyìn, kí wọ́n gbé gbogbo mọ́tò lọ sẹ́yìn ọgbà kí ó má ba fọ́tò jẹ́. Ó ní kí ọmọ rẹ̀ Fẹ́rànmí, tó ti Ìbàdàn wá fi ọmọ tuntun hàn án, gbé ọmọ náà wá jókòó níwájú, kí ayé rí i pé ẹbí Olóyè kò sá fún Pámbí. Lẹ́yìn náà ló wá pe Hezekiah sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Omi kànga tí wọ́n máa yẹ̀ wò, ìwọ ni kí o pọn ọ́n."

"Mo gbọ́, Olóyè. Láti inú kànga?"

Olóyè wò ó títí. Hezekiah lóye. Ó lọ ra píọ́ wọ́tà ní Gwagwalada, ó fi eyín ja á, ó sì rọra dà á sínú jọ́ọ̀gì tí wọ́n kọ KÀNGA PÁMBÍ sí lára.

Ọjọ́ náà pé. Olóyè sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan. Ó ní kí Ọlọ́run tó dá èèyàn, màlúù ló kọ́kọ́ ronú kàn. Ó ní orílẹ̀-èdè tó bá ń bẹ̀rù ìdí màlúù kò lè jẹ wàrà rẹ̀. Mínísítà ń mu Omi Àpọ́nlé rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń wo aago.

"Ó tó, Olóyè. Adépéjú, ó yá."

Adépéjú ti ìwé pélébé bọ jọ́ọ̀gì. Gbogbo àtíbàbà na ọrùn. Ìwé náà wà ní funfun. Ó tún mú òmíràn, funfun. Ojú Adépéjú yí padà. Ìbídùnní, tó dúró láàárín àwọn ará abúlé, fi ọwọ́ bo ẹnu. Àwọn òṣìṣẹ́ Jahi bú sí ìyìn.

Ẹ̀yin èèyàn mi, bí Olóyè bá dákẹ́ níbẹ̀ ni, ìtàn yìí ìbá ti parí, òun ni ìbá sì borí. Ṣùgbọ́n ẹnu tó ti ń sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan, ta ló lè pa á dé?

"Ẹ má ì tíì pàtẹ́wọ́!" ló kígbe. "Kí àwọn ọ̀tá má baà sọ pé a ṣe ojúsàájú, kí ó yẹ tèmi náà wò! Omi ẹnu mi! Omi Àpọ́nlé! Kí ayé rí ohun tí a ń pè ní omi!"

Òun fúnra rẹ̀ ló ṣí ìgò náà. Adépéjú ti ìwé bọ̀ ọ́. Ó kọ́kọ́ pọ́n féfé. Lẹ́yìn náà ó pọ́n dáadáa. Nígbà tí wọ́n fi máa ka mẹ́wàá, ó ti di sóbò.

"Ìwé yẹn ti bàjẹ́," ni Olóyè wí.

Adépéjú mú òmíràn. Sóbò. Ó ṣí ìgò mìíràn. Sóbò. Mínísítà wo ìgò tirẹ̀ tó ti dé ìdajì, ó gbé e kalẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni gbé ẹyin. Kámẹ́rà gbogbo wà lórí fọ́tò tó wà lára ìgò.

"Mo bẹ̀ yín, ẹ yéé yẹ̀ ẹ́ wò!" Ohùn Hezekiah ló ké báyìí, ẹ̀rù ti fọ́ ọ lórí. "Èyí tó mọ́ yẹn, èmi ni mo rà á! Píọ́ wọ́tà ni! Olóyè ló rán mi! Mo níyàwó nílé o!"

Ìbídùnní kò dúró gbọ́ ìyókù. Ó sáré lọ fa omi kànga gan-an, ó gbé korobá náà wá síwájú Mínísítà, omi ń dà sí i lẹ́sẹ̀. Adépéjú yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọ̀ rẹ̀ àti ti Omi Àpọ́nlé kò fi ọ̀kan yàtọ̀ sí ara wọn. Ẹsẹ̀ òkè kan náà ni wọ́n wà.

"Ta ni ó lè pa?" ni Mínísítà béèrè.

"Ọmọ ọwọ́, mà. Àwọn tí wọ́n ń fi po wàrà fún."

Fẹ́rànmí dìde níwájú. Fíídà wà lọ́wọ́ rẹ̀, wàrà wà nínú rẹ̀. "Dádì," ló wí, ohùn rẹ̀ kéré. "Omi yín ni mo fi ń po wàrà Tósìn láti ọjọ́ tí mo ti dé. Ẹ ní mi ò gbọdọ̀ lo omi mìíràn nínú ilé yín."

Adépéjú ti dé ọ̀dọ̀ wọn. Ó fi ìka gbé ètè ọmọ náà sókè. Eérú-eérú ni inú rẹ̀, ó ti ń lọ sí aró.

Olóyè Ọlábímtán kò tíì sáré láti ọdún mọ́kànlélógún. Ó sáré lọ́jọ́ yẹn. Ó gba ọmọ náà, ó yà sí ọ̀tún, Fẹ́rànmí tẹ̀lé e, kò sí mọ́tò. Ó yà sí òsì, màlúù ló rí. Ẹ̀yìn ọgbà ni gbogbo mọ́tò wà, bó ti pàṣẹ. Lẹ́nu ọ̀nà, Àyàndélé ti tan kẹ̀kẹ́.

"Ẹ wọlé, sà! Mo mọ ọ̀nà náà."

Báyìí ni àwọn ará Gwagwalada ṣe rí i tí kẹ̀kẹ́ kan ń fò kọjá, apá agbádá ń fẹ́ ní ọ̀tún àti òsì bí ìyẹ́ igún, tí páálí sì wà lẹ́yìn rẹ̀: Ẹ MÁ FI PO WÀRÀ ỌMỌ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ hó yèè. Wọn kò mọ̀ pé bàbá àgbà kan ń sunkún nínú rẹ̀.

Dókítà kan náà ló gba ọmọ náà. "Omi wo lẹ fi ń po wàrà rẹ̀?"

"Omi... omi mi."

"Omi wo, sà? Ẹ sọ ọ́ kó yé mi. Kí ló wà nínú rẹ̀?"

Olóyè wo Fẹ́rànmí. Ó wo ètè ọmọ náà. Ó ní, "Ìtọ̀ màlúù. Ìtọ̀ màlúù mi, àti yúríà. Náítíréètì ni. Ẹ fún un ní oògùn yẹn, ẹ jọ̀ọ́."

Ó yá Tósìn. Kí n tètè sọ ìyẹn, kí ẹ lè rọra mí. Nígbà tí oòrùn fi ń wọ̀, ó ti ń fa irùngbọ̀n bàbá rẹ̀ àgbà.

Lẹ́tà Mínísítà kò ju ìlà mẹ́ta lọ. Olóyè kúrò lórí àga, wọ́n sì ń wádìí ọ̀rọ̀ jọ́ọ̀gì. Wọ́n fi Adépéjú sípò náà fún ìgbà díẹ̀. Ó kó ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta màlúù lọ sí ibòmíràn, ó ń ṣí ọgọ́rùn-ún tó kù kiri pápá, ó fi òfin de yúríà lásìkò òjò, ó sì ní kí ọkọ̀ táńkà máa gbé omi lọ sí Pámbí títí wọn yóò fi gbẹ́ kànga ẹ̀rọ tó jìn sí apá ibi tí omi òkè náà kò ṣàn dé. Hezekiah bẹ̀bẹ̀, wọ́n gbé e lọ sí yàrá àga tó ṣẹ́. Mo gbọ́ pé ó ń kí àwọn àga náà ní àárọ̀.

Ní Maitama, fóònù kò dún mọ́. Olóyè a máa gbé e sétí wò bóyá ó ti bàjẹ́. Nígbà tí Fẹ́rànmí ń múra láti padà sí Ìbàdàn, ó ní òun fẹ́ lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ awakọ̀ kẹ̀kẹ́ náà. Bàbá rẹ̀ ní òun yóò bá a lọ.

Wọ́n bá Ìbídùnní nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, Lékan dùbúlẹ̀ láàárín àjákù aṣọ, ó ń ju ẹsẹ̀. Olóyè gbọn apá agbádá. "Nínú ìtàn ìdàgbàsókè orílẹ̀-èdè wa..."

"Dádì," ni Fẹ́rànmí wí.

Ó jẹ́ kí apá agbádá wálẹ̀. Ó wá ọ̀rọ̀ títí, èyí tó rí kéré. "Ìyá Lékan, ẹ má bínú. Wọ́n sọ fún mi, n kò gbọ́."

Ìbídùnní ti abẹ́rẹ́ sí ẹ̀gbẹ́. "Mo ti gbọ́ tiyín, sà. N kò ní parọ́ pé inú mi ti rọ̀ tán. Ọdún mélòó ni kànga wa máa fi mọ́?"

"Adépéjú ní ó lè tó mẹ́wàá. Ohun tó ti wọlẹ̀, kò sí ẹni tó lè fà á jáde. Ó dìgbà tó bá ṣàn lọ fúnra rẹ̀."

Ìbídùnní wo ọmọ rẹ̀ nílẹ̀. Fèrè táńkà dún lóde. Ó na ọwọ́ sábẹ́ tábìlì, ó fa kẹ́ẹ̀gì òfìfo kan jáde.

"Omi ti dé. Aṣọ yìí ti pẹ́ lọ́wọ́ mi, mo fẹ́ parí ẹ̀. Ẹ bá mi tò sórí ìlà."

Olóyè gba kẹ́ẹ̀gì náà. Ó jáde, ó sì kọrí sí ìdí táńkà tààrà, bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n ṣe. Ìyá arúgbó kan fi igi dábùú rẹ̀, ó sì fi Haúsá lé e sẹ́yìn.

"Kai, Baba! Baya!"

Ó lọ sẹ́yìn. Ìlà náà gùn dé ìdí igi máńgòrò. Obìnrin tó wà níwájú rẹ̀ yíjú padà, ó wo agbádá, ó wo kẹ́ẹ̀gì, ó wo ojú rẹ̀ títí.

"Ẹ dà bí ẹni tí mo mọ̀, sà. Ta ni yín?"

Olóyè la ẹnu. Ó pa á dé. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì bọ́ sí ọwọ́ kejì.

"Èmi ni mo tò sẹ́yìn yín," ló wí.